Fífi AR kọ́ àwọn ọmọ SS ní sáyẹ́ǹsì tí ojú ò lè tó: ẹ wá bá wa dá sí i

Kẹ́mísìrì_Àpáké, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní kẹ́mísìrì níbí. Ọ̀rọ̀ ìrísí mólẹ́kù ló gbé mi wá. Àwọn ọmọ mi lè ka "tetrahedral, 109.5°" láì wo ìwé, ìyẹn ìrísí tí átọ́mù mẹ́rin ti yí ọ̀kan ká, tí wọ́n sì jìnnà síra lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ya methane, àgbélébùú ni wọ́n máa yà: C láàárín, H kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gbogbo igun rẹ̀ sì jẹ́ 90°. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé níbo ni 109.5° tó kà yẹn wà nínú àwòrán tó yà. Ó wo bọ́ọ̀dù títí, kò rí i. N kò bá a wí, torí bí ìwé tí à ń lò ṣe tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn. Ojú bébà kò ní inú, mólẹ́kù sì ní.

Mo ti rí AR (augmented reality) níbi tí wọ́n ti ń lò ó: èèyàn á kọ kámẹ́rà fóònù sí tábìlì, mólẹ́kù á sì yọ lórí tábìlì náà lójú fóònù, a lè rìn yí i ká, a lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò nìyí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì mi. Ilé ìwé kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá, àfi fóònù àwa olùkọ́ bíi mẹ́ta. Iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Ẹ bá mi sọ ọ́: orí ẹ̀kọ́ wo ni AR yẹ fún? Irú fóònù wo ló lè gbé e? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é fún ọmọ ọgọ́ta? Kí sì ni mo máa wí fún pírínsípà tó máa gbà?

Bàbá_Físíìsì, Ọ̀yọ́

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní ilé ìwé kan lápá Akẹ̀sán níbí. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni màá mú, torí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́.

AR kì í ṣe nǹkan àná. Ivan Sutherland ti gbé irú rẹ̀ kan wọ èèyàn lórí ní Amẹ́ríkà ní 1968, ẹ̀rọ tó wúwo débi pé àjà ilé ni wọ́n so ó rọ̀ sí. Ìgbà tó di nǹkan bí 1990, Tom Caudell àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boeing ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ dòní. Wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń to wáyà ọkọ̀ òfuurufú lè rí ọ̀nà tí wáyà kọ̀ọ̀kan máa gbà lójú iṣẹ́ gan-an, kí ó má máa gbé ojú lọ gbé ojú bọ̀ láàárín iṣẹ́ àti ìwé. Ẹ kíyè sí ohun tó mú wọn ṣe é: ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà, òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ wà ní kíláàsì.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fóònù, ẹ bi ara yín pé: ṣé ìrísí àti ipò ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ nínú orí ẹ̀kọ́ yìí? Ti agbára tó yí mágínẹ́ẹ̀tì ká, bẹ́ẹ̀ ni. Tí a bá da ìyẹ̀fun irin sórí bébà, ojú kan péré ló ń fi hàn nínú ohun tó yí mágínẹ́ẹ̀tì náà po. Ọmọ á wá gbà pé orí bébà ni agbára náà sùn sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé èrò yẹn wọ yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí ó rí àwọn ìlà tó ń tọ́ka agbára náà kí wọ́n yọ sókè, kí wọ́n rì sísàlẹ̀, kí wọ́n kọjá lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ti òfin Ohm, rárá o. Wáyà, bátìrì, gílóòbù kékeré àti mítà ló ń kọ́ ọmọ ní ìyẹn. Ohun tí a lè gbé sórí tábìlì kí ọmọ fi ọwọ́ kàn, ẹ má fi àwòrán rọ́pò rẹ̀.

Mole náà kò sí lára rẹ̀. Iye ni mole, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Kò sí ohun tí kámẹ́rà fẹ́ fi hàn níbẹ̀.

Under_G_Tẹ́ẹ̀kì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní LAUTECH, ẹ jẹ́ kí n gba ti fóònù sọ.

Ọ̀nà méjì ni AR orí fóònù ń gbà ṣiṣẹ́. Ti àkọ́kọ́, fóònù fúnra rẹ̀ ló máa mọ tábìlì tàbí ilẹ̀: kámẹ́rà á máa ṣọ́ àwọn ibi tó hàn gedegbe nínú ohun tó ń rí, ẹ̀rọ kékeré inú fóònù tó ń mọ ìyípo ọwọ́ á máa bá a ṣírò ibi tí ẹ gbé e sí. Lórí Android, ARCore ti Google ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, 2018 ni wọ́n là á sílẹ̀ fún aráyé. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló lè gbé e. Ẹ wọ Play Store, ẹ wá Google Play Services for AR. Tó bá sọ pé kò bá fóònù yín mu, ẹ má bá a jà. Google ní àkójọ fóònù tó gbà lórí ìkànnì rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù gan-an ni kí ẹ wò, ẹ má wo orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan, torí fóònù méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá lè yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo rò pé ó bá yín mu: àmì orí bébà. Ẹ máa tẹ àwòrán onígun mẹ́rin kan tí etí rẹ̀ dúdú nípọn. Kámẹ́rà á dá a mọ̀, á fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣírò apá ibi tí ẹ ti ń wò ó, á wá gbé mólẹ́kù lé e lórí. Hirokazu Kato, ará Japan, ló ṣe ARToolKit tó tan ọ̀nà yìí ká ní 1999. Lónìí, kóòdù kan tó ń jẹ́ AR.js ń ṣe é nínú bíráwúsà lásán. Ọ̀fẹ́ ni, kò bèèrè ARCore, kódà fóònù tí kò gba káàdì ìpè mọ́ lè ṣe é níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà rẹ̀ bá ṣì ń ríran dáadáa. Ẹ wo inú dúrọ́wà ní ilé, irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n.

Ohun tó máa ń ba àmì jẹ́ rèé. Ẹ má fi ọ̀rá dì í ní ibi ìtẹ̀wé, torí dídán rẹ̀ á máa ta iná padà sí kámẹ́rà. Káàdì tí kò dán ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ fi ààyè funfun yí etí dúdú náà ká, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ìka tó bá gun etí náà á mú kí mólẹ́kù pòórá. Ẹ gbé tábìlì sún mọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ta sórí bébà fúnra rẹ̀. Ọmọ márùn-ún tó máa yí àmì kan ká nílò èyí tó tóbi, bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ti kékeré á jẹ́ kí wọ́n máa forí gbárí.

Ti àwòrán mólẹ́kù, ẹ má rà á. PubChem, tó jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń fúnni ní ìrísí mólẹ́kù lọ́fẹ̀ẹ́. Áàpù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Avogadro lè ṣí i, kí ó yí i sí fáìlì PDB, Blender (áàpù àwòrán 3D) á gbà á, á sì sọ ọ́ di fáìlì .glb tí AR.js ń lò. Ẹ má jẹ́ kí fáìlì kan ju megabyte kan tàbí méjì lọ, kí fóònù àtijọ́ má bàa dákú.

Ọ̀rọ̀ dátà wá kù. Èrò tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn èèyàn ni pé kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí láàbútọ́ọ̀pù kí a sì fi hotspot pín in fún àwọn fóònù. Kámẹ́rà ò ní ṣí. Bíráwúsà kì í jẹ́ kí ojú ewé kan fọwọ́ kan kámẹ́rà àfi tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá fi https bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí a gbé e sórí GitHub Pages, ibi tí a lè gbé ojú ewé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì san owó, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fi service worker (kóòdù tó ń fi ojú ewé pamọ́ sínú fóònù) sí i. Nígbà náà, tí ẹ bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí dátà wà, ojú ewé náà á ti jókòó sínú fóònù. Ní kíláàsì, ẹ lè pa dátà, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ìyá_Bàọ́lọ́jì, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, o ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi kan lé e. Ẹ má so ẹ̀kọ́ yín mọ́ áàpù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbára lé áàpù Google Expeditions fún ìrìn àjò inú ara èèyàn àti inú sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di June 2021, wọ́n tì í pa. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ di aláìnílé. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ fi pamọ́ sórí fóònù àti sórí fláàṣì, kò sẹ́ni tó máa wá tì í.

Ní tiwa ní bàọ́lọ́jì, ọkàn àti kíndìnrín ni mo rí i pé ó wúlò fún jù lọ. Nephron (òpó tín-ín-rín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú kíndìnrín) inú ìwé dà bí ẹni pé ó nà tán. Ọmọ kò mọ̀ pé òpó ẹ̀jẹ̀ wé mọ́ ọn, pé apá kan rẹ̀ rì sínú, apá kan sì padà jáde.

Olùkọ́_Òwódé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú àpérò o. Kẹ́mísìrì ni èmi náà ń kọ́ni. Ẹ̀rọ ti gbọ́ ìyìn tó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ AR ti máa ń yè tàbí kú. Tí ẹ bá gbé fóònù jáde ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, àwọn ọmọ á pariwo, inú wọn á dùn, wọ́n á sì lọ sílé pẹ̀lú àgbélébùú wọn. Ẹni tí kò tíì ṣe àṣìrò kankan kò ní ohun tí àwòrán máa bá a tún ṣe.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń fún wọn ní amọ̀ rogodo kan àti igi ìtayín mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n gún igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn kí igi kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ara wọn tó bó ṣe lè jìnnà. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe àgbélébùú lórí tábìlì. Mo ní kí wọ́n wọn igun rẹ̀, wọ́n á ní 90°. Mo wá bi wọ́n pé: ǹjẹ́ a tún lè mú wọn jìnnà sí i? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ dákẹ́. Ẹnìkan á gbé igi kan kúrò lórí tábìlì, á tẹ̀ ẹ́ sókè, á wá rí i pé àwọn yòókù ti ní ààyè sí i. Tí kò bá sí ẹni tó rí i, ẹ fẹ́ fèrè aláfẹ́fẹ́ (bàlúùnù) mẹ́rin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, kí ẹ so wọ́n pọ̀ ní ọrùn. Fúnra wọn ni wọ́n máa ti ara wọn títí tí wọ́n á fi dúró ní tetrahedral. Mẹ́ta máa tò yípo, méjì máa kọ ẹ̀yìn síra. Ìyẹn gan-an ni ohun tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe, torí pé wọ́n ń lé ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé AR sílẹ̀. Kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́, wíwò lásán kì í ṣe iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n ya methane láti ibi mẹ́ta: ní ìdúró tí H kan ti kọjú sí wọn gan-an, ní ẹ̀gbẹ́, àti ní ibi tí H méjì ti bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ti ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní láti rìn, wọ́n ní láti tẹ̀ ba, wọ́n á máa jiyàn pé "sún díẹ̀ sọ́tùn-ún". Ọmọ tó bá wá a rí ti mọ mólẹ́kù náà sára.

Níkẹyìn, ẹ pa fóònù. Kí wọ́n ya á sínú ìwé pẹ̀lú ìlà tó nípọn fún èyí tó ń bọ̀ síwájú àti ìlà gígé fún èyí tó ń lọ sẹ́yìn, bí WAEC ṣe lè béèrè rẹ̀. Alex Johnstone, olùkọ́ kẹ́mísìrì ní Glasgow, ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ibi mẹ́ta ni kẹ́mísìrì ń gbé: ohun tí ojú rí, ohun kékeré tí ojú ò lè rí, àti àmì tí a ń kọ. Àwa àgbà máa ń fò láti ọ̀kan sí òmíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ọmọ kò sì lè bá wa sáré. AR ń tan iná sí ti àárín. Àwa la máa so ó mọ́ méjì yòókù.

Ti ọmọ ọgọ́ta: ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjìlá, ọmọ márùn-ún márùn-ún. Fóònù mẹ́ta túmọ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nídìí AR lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á wà nídìí amọ̀, nídìí fèrè aláfẹ́fẹ́, tàbí kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè. Ìyípo mẹ́rin, ó parí. Tí ìyípo kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dọ́bù píríọ́dù oníṣẹ́jú 80 á gbà á, ẹ ó sì tún rí ogún ìṣẹ́jú fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Nínú ọ̀wọ́, ẹnìkan á di fóònù mú, ẹnìkan á máa darí rẹ̀, ẹnìkan á máa ṣàlàyé, méjì á máa yà. Ẹ rí i pé wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, torí ẹni tó bá lágbára jù ló máa fẹ́ di fóònù mú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kẹ́mísìrì_Àpáké

Ẹ̀gbọ́n Òwódé, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní ọgbọ́n. Mo ti kọ ti amọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ti orbital, ibi tó ṣeé ṣe kí a ti rí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú átọ́mù, ńkọ́? Ṣé AR dára fún s, p, d fún SS1? Mo rí áàpù kan tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń yí nucleus (àárín átọ́mù) ká lórí tábìlì, ó sì wu ojú gan-an.

Olùkọ́_Òwódé

Ẹ má lo ìyẹn, mo bẹ̀ yín. Niels Bohr ló mú àwòrán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń tọ ọ̀nà yípo wá ní 1913. Ó ṣiṣẹ́ tó ṣe pàtàkì nígbà náà, ṣùgbọ́n láàárín 1925 sí 1927 ni quantum mechanics ti rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fi ojú ara rẹ̀ rí lórí tábìlì rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn. Tí ẹ bá fi irọ́ hàn án nínú AR, ẹ ti kọ irọ́ náà sára òkúta.

Ti orbital gidi, ó dára, p àti d pàápàá, torí ìdúró wọn lórí x, y àti z ló máa ń ru ọmọ lójú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tí àwòrán náà kù sí fún wọn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó wò ó. Ìrísí tó ní awọ dídán yẹn kì í ṣe awọ. Ààlà tí èèyàn fà ni, èyí tí wọ́n sábà máa ń fà sí ibi tí ìṣeéṣe rírí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ bá ti tó 90%. Àwọ̀ rẹ̀ náà, àwa la kùn ún. Ẹ̀wẹ̀, ìtóbi inú gbogbo áàpù wọ̀nyí kò bá òótọ́ mu: tí nucleus bá jẹ́ hóró ẹ̀pà kan tí a gbé sí àárín Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, etí átọ́mù rẹ̀ lè jìnnà tó ìdajì kìlómítà. Kò sí fóònù tó lè fi ìyẹn hàn, nítorí náà ẹnu olùkọ́ ló máa fi hàn.

Ohun kan náà ló wà nínú NaCl. Igi tí wọ́n fi so Na mọ́ Cl nínú àwòrán máa ń mú kí ọmọ sọ pé sodium ní bond (ìdè) mẹ́fà. Ẹ ṣàlàyé pé chloride mẹ́fà ló yí sodium kọ̀ọ̀kan ká, sodium mẹ́fà náà ló yí chloride kọ̀ọ̀kan ká, àti pé igi yẹn kàn ń tọ́ka ẹni tó wà nítòsí ẹni ni.

Ọ̀gá_Láàbù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará. Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń rò ó. Ilé ìwé tí kò ní burette (túbù gíláàsì tí a fi ń wọn olómi fún títrésọ̀n) tó péye, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ́ títrésọ̀n láti ẹnu, ṣé AR ló kàn ún? Paper 3 ti WASSCE ń dúró dè wọ́n, pẹ̀lú títrésọ̀n àti ìdánwò iyọ̀. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ di pipette mú rí, àwòrán kò lè kọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó má gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹnìkan dá mi lóhùn.

Bàbá_Físíìsì

Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ, mo sì fara mọ́ ọn. Tí owó kan ṣoṣo bá wà, tí ó jẹ́ láàárín burette àti tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ ra burette. Èmi kò ní yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ níbí ni fóònù tó ti wà nílẹ̀ àti bébà tí a tẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ láàbù. Ìrísí mólẹ́kù kò sì sí nínú ìgò kankan tí a lè gbé sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti rí àwọn ọmọ tó mọ títrésọ̀n dáadáa tí wọn ò lè sọ ìdí tí omi fi jẹ́ polar (apá kan rẹ̀ ní iná pọ́sítífù díẹ̀, apá kejì ní nẹ́gẹ́tífù díẹ̀), torí wọ́n rò pé H, O, H tò sí ìlà kan.

Ọ̀gá_Láàbù

Bàbá, ẹ ṣeun, ó yé mi. Tí kò bá gba owó láàbù, n kò ní ìjà.

Ọwọ́_Ń_Sọ̀rọ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Federal College of Education (Special) níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ràn wà nínú kíláàsì mi pẹ̀lú àwọn tó ń gbọ́ràn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan tí kò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ tó ń gbọ́ràn lè máa wo mólẹ́kù, kí ó sì máa gbọ́ ohùn olùkọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ràn, ojú kan náà ló fi ń wo mólẹ́kù, òun náà ló fi ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́. Tí mo bá ń fọwọ́ ṣàlàyé nígbà tó ń wo fóònù, ohun tí mo sọ ti lọ. Tó bá sì di fóònù mú, ọwọ́ rẹ̀ ti dí, kò lè bi mí ní ìbéèrè. Ọmọ náà á wà nínú ọ̀wọ́, kò sì ní sí nínú ọ̀rọ̀. Nítorí náà: ẹ wá ohun tó máa gbé fóònù dúró. Igi tí a gé ìho sí tó. Kí ọwọ́ gbogbo ọmọ ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè, kí ẹ tó sọ òmíràn. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ átọ́mù kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán.

Mo ṣe é báyìí nítorí àwọn ọmọ mélòó kan, àwọn tó ń gbọ́ràn náà jèrè níbẹ̀. Iulian Radu, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí AR jọ ní 2014, kà á mọ́ àléébù rẹ̀ pé ó máa ń gba ojú akẹ́kọ̀ọ́ débi pé kì í rí ohun mìíràn tó yẹ kó rí. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lé orí ọmọ tó tẹjú mọ́ fóònù kì í wọlé, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ gbọ́ràn.

Ọmọ tí kò ríran kò ní rí nǹkan kan gbà nínú AR. Amọ̀ àti igi ìtayín ni tirẹ̀. Ẹ fi amọ̀ tó tóbi ṣe C, kí ti H kéré, kí ìka rẹ̀ lè mọ̀ wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọn kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, wọ́n wà ní kíláàsì yín, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan ya átọ́mù kan sọ́tọ̀ sí òmíràn.

Fáìsì_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni igbákejì ọ̀gá ní ilé ìwé kan, ti pírínsípà ni mo fẹ́ dá sí. Ẹ má kọ "a fẹ́ lo fóònù" sínú lẹ́tà. Ẹ kọ́kọ́ pe pírínsípà wá sí sítáàfù-rúùmù, kí ẹ gbé mólẹ́kù omi sórí tábìlì wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sínú rẹ̀: pé ti olùkọ́ ni fóònù, pé kò sí káàdì ìpè nínú rẹ̀ tàbí pé ẹ ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, àti pé ẹ ní rẹ́jísítà tí ẹ máa fi kà wọ́n jáde kí ẹ sì kà wọ́n wọlé. Ohun tó ń ba àwa lẹ́rù ni fídíò kíláàsì tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí òbí tó dé pẹ̀lú ìbínú pé wọ́n ń fún ọmọ òun ní fóònù. Ẹ ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ gba fóònù àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ẹ gbé e gba ọ̀dọ̀ PTA, kí ẹ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò níwájú ẹni tó ni ín.

Kọ́pà_Ìkòyí

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Abúlé ni ilé ìwé tí mo ti ń sìn, lápá Ìkòyí-Ilé. Fóònù tèmi nìkan ló wà, n kò sì mọ kóòdù kọ. Ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe?

Bàbá_Físíìsì

Ọmọ mi, ó wà. Gé ike tó mọ́ gaara, irú ti ìgò omi tí o tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí ti páálí CD, sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, orí rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 1, gíga rẹ̀ 3.5. Lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó dà bí àdó tí kò ní ìdí. Gbé orí kékeré náà lé ojú fóònù, kí o fi fídíò tí wọ́n ṣe fún un sí i, èyí tó ní àwòrán kan náà ní apá mẹ́rin. Mólẹ́kù á dà bí ẹni dúró nínú afẹ́fẹ́. Igun ike náà sí fóònù jẹ́ bíi 45°, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń yà wá sí ojú wa. John Henry Pepper ló fi irú ọgbọ́n yìí pe èrò jọ ní London ní 1862. Ti fóònù kékeré ni ìwọ̀n yẹn. Tí o bá rí tábúlẹ́ẹ̀tì, sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ti fèrèsé pa kí yàrá ṣókùnkùn.

AR gan-an kọ́ o, torí apá mẹ́rin péré ni o ti lè wò ó, o kò sì lè wo òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n o tún lè fi ike náà kọ́ wọn ní òfin ìtanpadà ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni.

Under_G_Tẹ́ẹ̀kì

Ẹ̀gbọ́n Kọ́pà, tí AR.js bá ti wà lórí ojú ewé tí mo fẹ́ ṣe fún Àǹtí Àpáké, ẹ̀yin náà lè ṣí i. Ẹ kò nílò kóòdù kankan. Ẹ kàn máa tẹ àmì ni.

Ìyá_Bàọ́lọ́jì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn èrè rẹ̀ o. Ariwo kíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí. Fún wọn ní ìdánwò kúkúrú kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé pé ó ń bọ̀. Kí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa mólẹ́kù tí ẹ kò fi hàn wọ́n rárá. Tí ẹ bá fi NH₃ hàn wọ́n, ẹ bèèrè PH₃. Ẹni tó bá yé ló máa gbé e kọjá síbẹ̀.

Kẹ́mísìrì_Àpáké

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Methane, ammonia, omi àti CO₂ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, màá sì fi orbital sílẹ̀ di táàmù tó ń bọ̀. PH₃ àti CCl₄ ni mo máa fi dán wọn wò. SS2A á kọ́kọ́ ṣe é, SS2B á ṣe amọ̀ àti fèrè aláfẹ́fẹ́ nìkan, wọ́n á jọ ṣe ìdánwò kan náà, kí n tó wá gbé AR fún SS2B pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi ẹnikẹ́ni du ẹ̀kọ́.

Àbúrò mi ní Under-G, ìbéèrè kan ló kù. Nínú gbogbo àwòrán ammonia tí mo ti rí, H mẹ́ta ló wà lára N, lone pair, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ara N tí kò so mọ́ H kankan, kò sí níbẹ̀. Ọmọ á rí 107°, kò ní rí ohun tó tì í kúrò ní 109.5°. Ti omi sì burú jù, torí lone pair méjì ló sọ ọ́ di 104.5°. Ṣé o lè fi wọ́n sí i?

Under_G_Tẹ́ẹ̀kì

Mo lè fi wọ́n sí i, mà. PubChem kò ní in nínú fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n màá fi ọwọ́ yà á ní Blender. Màá ṣe bọ́tìnnì kan tó ń gbé lone pair wá tó sì ń mú un kúrò, kí àwọn ọmọ lè kọ́kọ́ rí mólẹ́kù láìsí i, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń tì í, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Apá ìsàlẹ̀ ni màá fi bọ́tìnnì sí kí ó rọrùn fún fóònù tó wà lórí igi. Màá kọ orúkọ sí átọ́mù kọ̀ọ̀kan bí Àǹtí ti Ọ̀yọ́ ṣe wí, màá sì lo búlúù àti ọsàn dípò pupa àti àwọ̀ ewé. Ti àmì, kí ẹ tẹ mẹ́rin, ọ̀kan fún mólẹ́kù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn bébà, kí ẹ má kọ ọ́ síwájú, kí kámẹ́rà má bàa ṣì í mọ̀.

Kẹ́mísìrì_Àpáké

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá tẹ méjì méjì, torí ọ̀kan á ya.